Lẹ́tà Tí Kò Sọ Nǹkan Kan

Moríkẹ́ kò parí ilé ìwé girama. Kíláàsì kẹta ló wà nígbà tí òkun gba bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, láti ọdún náà ló sì ti jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò ẹja. Ṣùgbọ́n ní Etikan ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Olówòkéré fẹ́ ẹ wá sí Zion Pepe, kò sí ẹni tó bi í léèrè ibi tó kàwé dé, òun náà kò sì sọ. Ó mọ̀wé kà dáadáa, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Òun ló ń ka ìkéde fún ẹgbẹ́ obìnrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí oògùn fún àwọn àgbà. Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Tíṣà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ orúkọ yìí, ó yẹ kó rẹ́rìn-ín, kó ní rárá o, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn.

Ọdún tí òkun jẹ ilẹ̀ dé ìdí ilé ìwé àwọn ọmọdé, tí igun kan ilé náà sì wó sómi, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa wọ bóòtù lọ kàwé ní ìlú kejì. Moríkẹ́ ní ọmọ òun kò ní máa la omi já láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ọmọ méjì ló bí: Rejoice, ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá, àti Ìtẹ́olúwakìṣí, ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ tí gbogbo ilé ń pè ní Kìṣí.

"Èmi fúnra mi ni màá máa kọ́ wọn nílé," ló sọ fún ọkọ rẹ̀.

Olówòkéré, apẹja tó máa ń lo oṣù méjì lójú omi kó tó wálé, wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé. Ohun tí o bá ti ṣe ti dára."

Ìṣirò kò dà á láàmú. Ìwé kíkà náà kò le. Ìwé kíkọ ni wàhálà. Báwo lèèyàn ṣe ń kọ́ ọmọ láti jókòó, kó mú bírò, kó sì fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kún ojú ìwé? Moríkẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Ó wọ bóòtù lọ sí Ugbónlá láti lọ béèrè lọ́wọ́ tíṣà ọ̀dọ́ kan tí wọ́n gbé wá síbẹ̀ láti Ìsẹ́yìn, Hàmdálàt lorúkọ rẹ̀.

Hàmdálàt gbé àga fún un, ó bu omi fún un, ó sì ṣàlàyé pẹ̀lú sùúrù. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu, Mà. Lójoojúmọ́, ẹ bi wọ́n pé, kí lẹ rí lónìí? Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ 'ọma', bí ẹ ṣe ń pè é níhìn-ín, síbi tó yẹ kí wọ́n kọ 'ọmọ', ẹ má tíì bínú. Ẹ má tètè mú bírò pupa. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé, kí ló tún ṣẹlẹ̀? Àtúnṣe á tẹ̀lé e."

Moríkẹ́ ń mi orí bí ẹni tó gbà, ṣùgbọ́n ó ń rò ó nínú. Bí ọmọ bá kọ ohun tó wù ú, ta ni yóò sọ fún òun pé èyí tọ́, ìyẹn kò tọ́? Ibo lòun yóò ti wo ìdáhùn? Ẹ̀rù yìí ló ń bà á, ṣùgbọ́n ẹ̀gàn ló ti ẹnu rẹ̀ jáde.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ nílùú yín nìyẹn? Kí ọmọ máa kọ ìsọkúsọ?"

Hàmdálàt rẹ́rìn-ín díẹ̀. Nígbà tí Moríkẹ́ dìde, ó sìn ín dé èbúté.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Adétutù, àbúrò Moríkẹ́ tó ń gbé ní Igbókọ̀dá, fi ìwé ńlá kan ránṣẹ́ sí i. Àwòkọ ni gbogbo rẹ̀: lẹ́tà sí ọ̀rẹ́, lẹ́tà sí òbí tó rìnrìn àjò, lẹ́tà ìdúpẹ́, lẹ́tà ìtọrọ gáfárà, ogójì ẹ̀kọ́ gbáko. Lẹ́yìn ìwé náà, ìdáhùn sí gbogbo ìbéèrè wà níbẹ̀. Moríkẹ́ ṣí ẹ̀yìn ìwé wò kó tó ṣí iwájú, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó ti yan èyí tó fẹ́.

Láàárọ̀, kí òórùn èéfín ẹja tó gba ilé kan, àwọn ọmọ á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa da àwòkọ kọ sínú ìwé wọn. Moríkẹ́ á mú bírò pupa, á máa fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà nínú ìwé ńlá àti èyí tí ọmọ kọ. Bí méjèèjì bá dọ́gba, á fi àmì sí i. Bí wọn kò bá dọ́gba, ojú ìwé náà di àtúnkọ látòkè délẹ̀.

Nígbà kan, lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń kọ. Rejoice kọ ọ́ tán, ó wá fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀: "Ajá wa bí ọmọ mẹ́ta, omi gbé ọ̀kan lọ." Moríkẹ́ fa ìlà pupa gba àárín rẹ̀ kọjá.

"Èyí kò sí níbẹ̀."

"Òótọ́ ni, Màmá. Omi gbé e lọ lóòótọ́."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣé o rí i nínú ìwé? Kò sí níbẹ̀. Tún un kọ."

Rejoice tún un kọ. Ọmọ tó gbọ́ràn ni. Láàárín ọdún kan, ìwé rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń yà wò ó. Ìyá Godspower, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, kò lè kàwé, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ìwé ọmọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, á ní, "Ẹ wo bó ṣe tò bí eyín. Tíṣà, ẹ ti ṣe ohun ńlá." Moríkẹ́ á wolẹ̀, á ní Ọlọ́run ni.

Lákòókò òjò ọdún tó tẹ̀lé e, òpó nẹ́tíwọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ fún agbègbè wọn kú. Ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí fóònù kankan kò lọ. Ìgbà yìí gan-an ni ìròyìn dé pé Adétutù ti bímọ. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọjọ́ méjì lọ nígbà tí Moríkẹ́ di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti lọ ràn án lọ́wọ́. Olówòkéré wà lójú omi. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún.

"Ọjọ́bọ̀ ni màá dé, Ìyá," ló wí.

"Má kánjú, ọma mi," ni ìyá dá a lóhùn. "A wà níbí."

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé, Kingsley, ọ̀gbẹ́ni tó ń wa bóòtù láti Zion Pepe sí Igbókọ̀dá, yọ sí ẹnu ọ̀nà Adétutù. Ó kó ọwọ́ bọ àpò, ó fa bébà kan yọ tí wọ́n fi ọ̀rá wé kó má baà tutù.

"Rejoice ló ní kí n fi lé yín lọ́wọ́. Èbúté ló ti bá mi, mi ò wọ ìlú. Wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ ti wà nínú rẹ̀."

Àwọn àna Adétutù wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Inú Moríkẹ́ dùn pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó ní kí Kingsley mu omi, òun náà sì dìde dúró, ó ka lẹ́tà náà sókè:

"Màmá mi ọ̀wọ́n, inú mi dùn púpọ̀ láti kọ lẹ́tà yìí sí yín. Mo ní ìgbàgbọ́ pé ara yín le gẹ́gẹ́ bí ara tiwa náà ṣe le níhìn-ín. Gbogbo wa wà ní àlàáfíà, ẹ̀kọ́ wa sì ń lọ déédéé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín dàrú nítorí ilé. Ẹ bá mi kí gbogbo ẹbí. Èmi ni ọmọ yín tòótọ́, Rejoice."

"Ọmọ ọdún mélòó?" ni àna àgbà kan béèrè.

"Méjìlá. Èmi ni mo ń kọ́ wọn nílé."

Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń fi í han ara wọn. Kingsley náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ife kalẹ̀, ó sì lọ. Adétutù wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí àlàáfíà ti wà nílé, kó kúkú dúró de ìsọmọlórúkọ lọ́jọ́ Fúráìdè. Moríkẹ́ dúró. Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ó tún lo ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ṣáà ti kọ̀wé pé kí ọkàn òun má dàrú.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló padà dé Zion Pepe. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bóòtù, kò sí ẹni tó na ọwọ́ gba ẹrù rẹ̀. Ó kí àwọn obìnrin tó ń sá edé lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá pákó, wọ́n fi imú dá a lóhùn. Ó rò pé bóyá ẹnìkan ló kú. Ó sáré.

Ìyá Àgbà ló bá lórí ẹní, wọ́n fi ìrọ̀rí méjì há a ní ìbàdí, wọ́n sì fi igi àti aṣọ di itan rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn. Kìṣí ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ìyá Godspower wà níbẹ̀, ó ń bu ọbẹ̀ sí ẹnu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá, ọjọ́ kẹta tí Moríkẹ́ ti lọ, pákó tútù yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà, ó ṣubú lu igi afárá, egungun ìgbáròkó rẹ̀ sì yẹ̀. Wọ́n ń retí Moríkẹ́ kó wá gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọn kò rí i, ọjọ́ Sátidé ni wọ́n tó lọ mú oníṣègùn tó ń to eegun wá. Oníṣègùn ní ó ti pẹ́ jù, pé ibi tó yẹ̀ ti ń wú, pé kò ní jinná dáadáa mọ́.

Ìyá Godspower kò gbójú sókè. "A kọ̀wé sí ọ," ló wí. "Ọjọ́ kejì tó ṣubú la ti ní kí ọmọ rẹ kọ̀wé. A ò tiẹ̀ rán Kingsley ní iṣẹ́ ẹnu, a ní ṣebí akọ̀wé wà nínú ilé. O ka lẹ́tà, o sì jókòó ti ìsọmọlórúkọ."

Gbogbo ohun tí Moríkẹ́ lè sọ wà ní ẹnu rẹ̀. Lẹ́tà náà wà nínú báàgì tó gbé kọ́ èjìká. Bí ó bá fà á yọ, tó kà á, gbogbo ayé á mọ̀ pé kò mọ ohunkóhun. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún mọ ìkejì: pé ọmọ tí Tíṣà kọ́ fún ọdún kan gbáko kò lè kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta pé Ìyá Àgbà ṣubú. Ó wo Rejoice tó dúró lẹ́bàá ògiri. Ó wo Ìyá Godspower.

"Kò sí lẹ́tà kankan tó dé ọwọ́ mi," ló wí.

Rejoice gbé ojú sókè, ó wò ó, ó sì tún wolẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Moríkẹ́ fà á lọ sẹ́yìn ilé, nídìí ààrò. "Kí ló dé tí o ò kọ ọ́? Kí ló dé?"

Omijé ti ń dà lójú ọmọ náà. "Ẹ̀kọ́ kẹrìnlá ni, Màmá. Lẹ́tà sí òbí tó rìnrìn àjò. Mo wá ibi tí màá ti fi Ìyá Àgbà sí, mi ò rí i. Kò sí níbẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mo rò pé ẹ ó dé ní Ọjọ́bọ̀."

Moríkẹ́ kò lè bá a wí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo iná tó ti kú nínú ààrò.

Irọ́ náà kò dúró sójú kan. Kí ọjọ́ méjì tó pé, gbogbo Zion Pepe ló ti gbọ́ pé Kingsley gba lẹ́tà, kò fi í jẹ́. Àwọn kan ní ó mutí ni. Àwọn kan ní ó jù ú sómi. Àwọn obìnrin tó ti ń fi ẹja yíyan rán an lọ sí Igbókọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn fún ẹlòmíràn, ọkùnrin kan sì sọ sí i lójú ní èbúté pé nítorí tirẹ̀ ni ìyá arúgbó kan fi di arọ.

Kingsley wá bá Moríkẹ́ nílé. Kò pariwo. Ó dúró sórí pákó níta, ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ìyá Rejoice, ẹ gbà mí. Ṣebí ọwọ́ yín ni mo fi lé? Ẹ kà á lójú mi. Omi tí ẹ bù fún mi, mo mu ún."

Moríkẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ohùn ẹlòmíràn. "Má bínú, Bùrọ̀dá Kingsley. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà. Mi ò rántí."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ. Ìyá Àgbà, lórí ẹní níbi tó dùbúlẹ̀ sí, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yí ojú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, bí Moríkẹ́ bá gbọ́ ẹ́ńjìnnì bóòtù lọ́nà jíjìn, á wọlé lọ. Kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin, ó ní òun ń tọ́jú ìyá ọkọ òun, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí rẹ̀ ni kò fi lọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún pe àwọn ọmọ sórí ẹní láti kàwé. Ẹ̀kọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ló kàn, lẹ́tà ìdúpẹ́ sí ẹni tó ṣe èèyàn lóore. Wọ́n kọ ọ́ tán, ó mú bírò pupa. Ti Kìṣí dọ́gba. Ó fa ti Rejoice sọ́dọ̀. Ọwọ́ ọmọ náà kò tò bí eyín lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ kan tóbi, ìkejì kéré, ìlà ń wọ́lẹ̀.

"Bùrọ̀dá Kingsley, ẹ ṣé tí ẹ gbé lẹ́tà mi dé ọwọ́ Màmá. Màmá ní ẹ ò gbe dé. Mo mọ̀ pé ẹ gbé e dé torí mo ri nínú báàgì. Àwọn èyàn ń bú yín. Ó dùn mí."

Ó rí i pé ọmọ náà gbàgbé àmì lórí "gbe" àti lórí "ri". Ó rí "èyàn" tó yẹ kó jẹ́ "èèyàn". Bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Kò sí ìdáhùn lẹ́yìn ìwé ńlá tó lè bá a yanjú èyí. Rejoice ti ká orúnkún mọ́ra, ó ń retí kí wọ́n nà án.

"Lọ ṣeré," ni Moríkẹ́ wí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, èrò ti pé ní èbúté, wọ́n ń dúró de bóòtù. Kingsley wà nínú tirẹ̀, èèyàn méjì péré ló jókòó sínú rẹ̀. Moríkẹ́ rìn gba àárín àwọn èèyàn kọjá títí ó fi dé eteetí pákó. Ó yọ lẹ́tà náà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ dákun. Kingsley kò jẹ̀bi. Ó fi lẹ́tà lé mi lọ́wọ́. Òun nìyí."

Ó kà á fún wọn látòkè délẹ̀. Kò fi ohùn dídùn kà á. Nígbà tó dé ibi tó ní "gbogbo wa wà ní àlàáfíà," ẹnìkan ṣe háà. Nígbà tó dé "ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkàn yín dàrú," Ìyá Godspower fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà bẹ́ẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo sọ fún un pé ohun tí kò bá ti sí nínú ìwé, kò gbọdọ̀ kọ ọ́. Ojú ló ń tì mí, ni mo fi parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má sì pè mí ní Tíṣà mọ́. Kíláàsì kẹta ni mo kà dé."

Bí pákó tó dúró lé bá là lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà, kí omi gbé e, inú rẹ̀ ì bá dùn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan rẹ́rìn-ín kẹ́ẹ́, ẹnìkejì gbá a ní ìgúnpá. Moríkẹ́ kúnlẹ̀ síwájú bóòtù.

"Ẹ dìde, Ìyá Rejoice," ni Kingsley wí. Kò wò ó. "Mo ti gbọ́." Ó yí ẹ́ńjìnnì, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn, ó sì pe èrò wọlé. Wọ́n wọlé sínú bóòtù rẹ̀ títí tó fi kún.

Olówòkéré dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Moríkẹ́ kò jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Kò tíì bọ́ aṣọ òkun lára tí ìyàwó rẹ̀ fi sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkọ rẹ̀ lọ jókòó ti ìyá rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ tí kò dára náà lé itan ara rẹ̀, kò sì bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè: "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé kíláàsì kẹta ni? Ṣé mo bi ọ́ kí n tó fẹ́ ọ?"

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, Moríkẹ́ lọ sí Ugbónlá. Ó tọrọ àforíjì nítorí ọ̀rọ̀ tó sọ nípa Ìsẹ́yìn. Hàmdálàt ní òun ti gbàgbé, Moríkẹ́ sì rí i lójú rẹ̀ pé kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ó gbé àga, ó bu omi.

"Níbo lẹ kàwé dé, Mà? Ẹ má bínú pé mo béèrè. Kí n lè mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ni."

Ó sọ ọ́. Hàmdálàt fi ìwé ìkọ̀wé kan síwájú rẹ̀, ó ní, "Kí lẹ rí lójú ọ̀nà bí ẹ ti ń bọ̀?" Ìlà mẹ́rin ni Moríkẹ́ kọ láàárín wákàtí kan, òógùn bo ìpàkọ́ rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́, ó sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ irú iṣẹ́ tó ti ń pè ní ìsọkúsọ.

Ó ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo Sátidé báyìí. Nílé, Kìṣí ló tètè gba ẹ̀kọ́ tuntun yìí. Bó bá ti bi í pé kí ló tún ṣẹlẹ̀, ọmọ náà kì í dákẹ́. Rejoice ní tirẹ̀ kọ̀ láti kọ ohunkóhun fún oṣù méjì. Ó máa ń sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé bírò fún un, á wo ìyá rẹ̀ lójú, á ní, "Ṣé mo lè kọ ìyẹn?" Moríkẹ́ á ní, "Kọ ọ́, ọma mi." Ìyá Àgbà ló wá yanjú rẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà jókòó ti òun, kí ó máa kọ orúkọ gbogbo ẹja tí òun mọ̀ àti ibi tí wọ́n ti ń pa wọ́n, nítorí òun kò ní lè rìn dé etí omi lọ fi hàn án. Ojú ìwé mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti kọ.

Nẹ́tíwọ̀kì ti padà. Kò sí ẹni tó ń kọ lẹ́tà mọ́. Kingsley ṣì ń wa bóòtù, ó máa ń kí Moríkẹ́ bí ó bá wọ inú rẹ̀, ó sì máa ń na ọwọ́ fún un kó má baà ṣubú. Ṣùgbọ́n bí Moríkẹ́ bá ní ẹrù tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Adétutù, Rejoice ló máa ń gbé e lọ bá a. Ìyá rẹ̀ á dúró lẹ́yìn, lórí afárá, títí bóòtù náà á fi yí orí padà.